Verb ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, subject á yọjú fúnra ẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá síbi lésìn wa n'Íléṣà níbí, tí n bá kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó tí mo ní kí wọ́n fàlà sábẹ́ subject, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tójú wọn bá bà lé ni wọ́n máa fàlà sí, ó ti tán nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ "Yesterday", Yesterday náà ni subject. Kì í ṣe pé wọn ò ní làákàyè o, ohun tí wọ́n ti kọ́ wọn láti praimárì ni pé subject ló máa ń ṣíwájú, pé òun ló ń ṣe nǹkan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló ń kó bá wọn tí wọ́n bá dé SS3.

Tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ wá verb, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe, kẹ́ ẹ tó wá nǹkan míì. Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Lédè Gẹ̀ẹ́sì, verb ló ń gbé àsìkò, tí àsìkò bá yí, òun náà á yí. Torí náà ẹ mú gbólóhùn yẹn, ẹ tì í lọ sí ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ tó bá pààrọ̀ nínú ẹ̀ lẹ̀ ń wá. "The women sell pepper" á di "The women sold pepper". Women ò yí, pepper ò yí, sell nìkan ló di sold. Àwọn olóríkunkun kan wà sha bíi put, cut àti hit, tí kì í yí tẹ́ ẹ bá tì wọ́n sẹ́yìn, ìyẹn ẹ tì wọ́n síwájú, wọ́n á di will put, will cut.

Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wúlò jù ni gbólóhùn tó bá jọ pé verb méjì ló wà nínú ẹ̀. Mo kọ èyí fún ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó fẹ́ tún WAEC ṣe: "The woman selling pepper at Atakumosa market is my aunt." Ó ní, "Sà, selling ni verb, ṣebí ata ló ń tà." Mo ní ó dáa, sọ ọ́ di ti ọdún tó kọjá. Ó ń kà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́, "The woman selling pepper at Atakumosa market was..." Ó dákẹ́, ó wo pátákó, ó ní, "Háà, selling ò kúrò níbi tó wà!" Is ló di was, is ni verb.

Ìdí tí is yìí fi máa ń bọ́ mọ́ wa lójú ò jìnnà. Tá a bá sọ pé "Adé ga", ọ̀rọ̀ ti pé, kò sí nǹkan kan láàárín Adé àti ga, tẹ́ ẹ bá sì bi tíṣà Yorùbá, á ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni ga. Ọmọ wá débi Gẹ̀ẹ́sì, ó rí "Ade is tall", ó lọ mú tall, ó ní òun ti rí verb. Tall ò lè gbé àsìkò láéláé, kò sóhun tó ń jẹ́ talled. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa náà kì í pààrọ̀, ra tá a rà lánàá ni ra tá a máa rà lọ́la, ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi ń, ti àti máa ló ń bá wa sọ àsìkò, torí náà kò mọ́ wa lára láti máa wo ara ọ̀rọ̀-ìṣe bóyá ó ti yí. Àfi kéèyàn fi dánra wò dáadáa.

Tí verb bá ti wà lọ́wọ́, ẹ fi who tàbí what síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi bèèrè: "Who is my aunt?" Ìdáhùn ẹ̀ ni subject, tí àwọn tíṣà Yorùbá ń pè ní olùwà. Gbogbo ìdáhùn yẹn pátá ni o, "The woman selling pepper at Atakumosa market", kì í ṣe woman nìkan. Tó bá gùn jù lójú yín, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ fi she rọ́pò ẹ̀, "She is my aunt". Gbogbo ohun tí she gba ipò ẹ̀ ni subject.

Àmọ́ nínú gbogbo gígùn yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olórí, òun sì ni verb ń tẹ̀ lé. Ibí yìí ni JAMB ti ń mú èèyàn. "The price of tomatoes" ti gòkè, ṣé "has gone up" ni àbí "have gone up"? Tomatoes ló sún mọ́ verb, ó sì ju ẹyọ kan lọ, ni etí bá ní have. Price ni olórí o, of tomatoes kàn ń bá a júwe ara ẹ̀ ni. Ẹ fi question tag, ìbéèrè kékeré tá a máa ń fi sídìí gbólóhùn, dán an wò: "The price of tomatoes has gone up, hasn't it?" Kí ni it yẹn ń tọ́ka sí? Price ni, tó bá jẹ́ tomatoes ni, they la ò bá gbọ́. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún "The principal, with all his teachers, has arrived", púrínsípà ni has ń tẹ̀ lé, bí tíṣà tó kó dání tilẹ̀ kún bọ́ọ̀sì méjì. Àwa Nàìjíríà la fi isn't it parí gbogbo ọ̀rọ̀, a ò jẹ́ kí tag ráyè bá wa ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó wá ku àwọn tó ní dandan ni kí subject ṣe nǹkan. "My phone was stolen at Ereja." Verb ibẹ̀ ni was stolen, was ló gbé àsìkò. What was stolen? My phone. Fóònù ni subject. Ibẹ̀ lẹnì kan á ti pariwo pé "Sà, fóònù ò kúkú ṣe nǹkan kan, wọ́n jí i ni." Òótọ́ ló sọ. Tiwa ni pé ẹni tó jí i gbọ́dọ̀ wà níwájú, kódà bá ò mọ̀ ọ́n, "wọ́n jí fóònù mi" la máa sọ, fóònù á wà lẹ́yìn, á jẹ́ àbọ̀, ìyẹn object. Gẹ̀ẹ́sì lè gbàgbé olè pátápátá kó fi fóònù sípò subject. Ẹ sọ gbólóhùn yẹn di ìbéèrè, "Was my phone stolen at Ereja?", ohun tí was fò kọjá lọ síwájú ni subject. Ìdí nìyẹn tí it fi jẹ́ subject nínú "It is raining", torí "Is it raining?" la máa bèèrè, bẹ́ẹ̀ it yẹn kì í ṣe ẹnì kankan. Òjò tiwa ló ń rọ̀ fúnra ẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ kí ààyè subject ṣófo ni, ló bá fi it dí i. Ibi tí ààyè yẹn ti máa ń ṣófo ni tá a bá ń pàṣẹ, "Close the door", you ló sá pamọ́ síbẹ̀.

Ó yá, ká lọ sẹ́yìn verb. "Bisi married a soldier." Bisi married whom? A soldier, object nìyẹn, àbọ̀. "Bisi became a soldier." Sójà kan náà, ẹ̀yìn verb náà ló wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe object rárá. Nínú ti àkọ́kọ́ èèyàn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀, Bísí àti sójà tó fẹ́. Nínú ìkejì ẹnì kan ni, Bísí náà ni sójà ọ̀hún. Complement là ń pe ìyẹn, àwọn verb tó sì máa ń gbà á ò pọ̀: be, become, seem, remain, look, feel àti díẹ̀ sí i. Tó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gbé e wá síwájú, "A soldier was married by Bisi" kò dùn létí àmọ́ ó ṣe é sọ, "A soldier was become by Bisi" ò ṣe é sọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Adverbial ò le. Ó ń sọ ibi, àsìkò, ọ̀nà tàbí ìdí, ó sì máa ń rìn káàkiri: "Yesterday the bus broke down at Osu", "The bus broke down at Osu yesterday". Ẹ fi ìbéèrè dán Yesterday tí wọ́n ń fàlà sí yẹn wò, "Did the bus break down?", the bus ni did fò. Ẹ lè yọ adverbial kúrò lọ́pọ̀ ìgbà kí gbólóhùn ṣì dúró, àfi irú "She put the pot on the fire", tẹ́ ẹ bá yọ on the fire níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á ṣì máa dúró de ìyókù.

Ibi tó le fún ọmọ Yorùbá jù rèé: èdè wa máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe léra. "Ó sáré lọ ra búrẹ́dì wá." Sáré, lọ, ra, wá, mẹ́rin nìyẹn láìsí àsopọ̀ kankan, ó sì dùn lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Awẹ́ gbólóhùn kan, ìyẹn clause, verb kan tó gbé àsìkò. "He ran to buy bread", ran ló gbé e, to buy ò gbé nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí méjì tó gbé àsìkò, clause méjì ló wà níbẹ̀, ẹ wá ohun tó so wọ́n pọ̀, bíi who, when, what, that, because. Tí kò bá sí verb kankan tó gbé àsìkò nínú ohun tí wọ́n fàlà sí, phrase ni, ẹ má pè é ní clause.

Ohun tí WAEC ń wá nìyẹn nínú comprehension tó bá ní kẹ́ ẹ sọ grammatical name àti function. Ìbéèrè méjì ni o, ohun tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. "What the trader said annoyed my father." What annoyed my father? "What the trader said". Noun clause, clause tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, lorúkọ ẹ̀, subject niṣẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́yìn, "My father did not believe what the trader said", noun clause náà ni, àmọ́ iṣẹ́ ti yí, ó ti di object. "The trader who sold us the yams has travelled", adjectival clause lèyí, trader ló ń júwe. Ọ̀pọ̀ ló máa mọ gbogbo èyí tán tí wọ́n á kàn kọ "It is the subject", tí wọ́n á fi fúlú sítọ́ọ̀pù sí i. Subject ti verb wo? Ẹ dárúkọ ẹ̀: "It functions as the subject of the verb 'annoyed'." Tó bá jẹ́ adjectival clause, ẹ dárúkọ noun tó ń júwe: "It qualifies the noun 'trader'."