Ẹdan Òṣùgbó: idẹ tí wọ́n fi ra ènìyàn, idẹ tó ń gbèjà ènìyàn

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ère tó dúró fún ìjà ẹ̀tọ́, oríta Èkó ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, ilédì ni tèmi ń lọ, ilé ìpàdé Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú tí wọ́n ń pè ní Ògbóni níbòmíràn, níbi tí ère tí à ń pè ní ẹdan wà.

Idẹ ni ẹdan. Idẹ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, Ifẹ̀ jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n òwò ọ̀sà ló sọ ọ́ di púpọ̀ l'Íjẹ̀bú. Pacheco Pereira, ará Potogí tó kọ̀wé láàárín 1505 sí 1508, sọ̀rọ̀ ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, ìyẹn Ìjẹ̀bú, tí yàrà yí ká. Ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ 12 sí 15 ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan níbẹ̀. Ọmọ ènìyàn o! Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ń yọ́ lábẹ́ ẹwìrì.

Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ẹdan: ojú ńlá tó yọ síta, ìkúùkù òsì lórí ọ̀tún, àtàǹpàkò méjèèjì pamọ́ sínú. Wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á gbé e síná, ìda á yọ́ dànù, idẹ á gba àyè rẹ̀. Àfi kí wọ́n fọ́ amọ̀ náà kí wọ́n tó rí i, ìdí nìyẹn tí ẹdan kan kì í fi jọ èkejì tán.

Méjì-méjì ni, akọ àti abo, ẹ̀wọ̀n kan ló so orí wọn pọ̀. Akọ kò dá dúró, abo kò dá dúró. Ní ìgbìmọ̀ Òṣùgbó náà, Erelú, olóyè obìnrin, ń jókòó.

Apènà, olóyè kan nínú Òṣùgbó, ló ń tọ́jú ẹdan. Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá fi lélẹ̀ sáàárín ẹni méjì tó ń jà, ìjà parí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kan ilẹ̀, ẹjọ́ di ti Òṣùgbó. Ọba pàápàá mọ̀ pé ojú wọn wà lára òun. "Ọmú ìyá dùn ún mu, gbogbo wa la jọ mu ún" ni ọ̀rọ̀ wọn. Ère obìnrin tí wọ́n di lójú ní kóòtù òyìnbó kò jọ èyí rárá. Ẹdan lajú sílẹ̀ kedere.

Ogun Ìmàgbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ìbọn Maxim fọhùn, ìdájọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ kóòtù ìjọba. Ẹdan púpọ̀ bá ọkọ̀ òkun lọ sílé ọnà nílẹ̀ Yúróòpù. Mo ti rí àwòrán ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀. Mo wò ó pẹ́, mo ń rò ó pé owó tí wọ́n fi ra ta ni idẹ yìí kí wọ́n tó yọ́ ọ.