Ta Ló Kọ Ọ́, Kí Ló Sì Ń Wá?

Kò sí ìparí táàmù kan tí mi ò ní gbàlejò. Òbí á wọlé, á tẹ́ ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì, á ní: "Okun o, tísà. Ohun tó wà nínú àyọkà yìí gan-an lọmọ mi kọ. Kí ló dé tí ẹ fi fún un ní òdo?" Òótọ́ ni, ohun tó wà nínú àyọkà ló kọ, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó gba òdo. Ìbéèrè ò ní kó sọ ohun tí òǹkọ̀wé wí. Ó ní kó sọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí tó fi ń wí i.

Mo mọ ibi tí wàhálà yìí ti ń wá. Àwọn olùkọ́ lẹ́sìn kan, àwọn tó ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn wákàtí iléèwé, wà ní Kàbà níbí, wọ́n wà ní Ìsánlú náà, ìwé pélébé ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òǹkọ̀wé ń kọ̀wé láti kọ́ni, láti dáni lára yá, tàbí láti yíni lọ́kàn padà. Ọmọ á há mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, tó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, á mú ọ̀kan bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ dúró de olùkọ́ lẹ́sìn, ìsọyè ló ń pò mọ́ ẹ̀kọ fún ọmọ. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n fi òróró àdúrà pa bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ká tiẹ̀ gbà pé ìsọyè yẹn jẹ́ bí idán, kí ló fẹ́ ṣe? Kí ọmọ rántí ohun tó kà ni. Àyọkà wà níwájú ọmọ lórí tábìlì. Kí ló tún fẹ́ rántí níbẹ̀?

Mi ò ní padà sórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kókó ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tí àyọkà sọ, àti èrò òǹkọ̀wé, ìyẹn ibi tó dúró sí àti ohun tó ń wá. Ọmọ JS 1 tó bá jókòó ti mọ ìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ojú máa ń fò. Mo kọ èyí sójú pátákó fún JS 2:

"Wọ́n ti fẹ ọ̀nà àárín ìlú wa. Ilé mélòó kan kàn ní láti kúrò lójú ọ̀nà ni. Ṣebí gbogbo wa la jọ ń fẹ́ ìdàgbàsókè?"

Mo bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́. Gbogbo kíláàsì pariwo pé gómìnà ni. Mo ní kí wọ́n padà síbẹ̀, kí wọ́n fà ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá na ọwọ́: "Mà, ẹni tí ilé tiẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni." Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "Ilé kì í dédé kúrò fúnra rẹ̀."

Ẹ wo iṣẹ́ akọni! Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé katakata pamọ́, ó ti gbé ẹni tó wà nídìí katakata náà pamọ́, ó wá sọ ọ́ bíi pé ilé ló dìde tó ń lọ. Ó fi "kàn" sọ àdánù di nǹkan kékeré. "Ṣebí" ló burú jù nínú wọn: ó ti kà ọ́ mọ́ àwọn tó gbà kó tó bi ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọ èkejì: "Wọ́n wó ilé tí bàbá mi fi owó kọfí kọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní ká kó ẹrù, ọjọ́rú ni wọ́n dé." Ọ̀nà kan náà, ilé kan náà. Àwọn ọmọ á máa bi mí pé èwo ló ń purọ́. Kò sí èyí tó ń purọ́, ibẹ̀ ló sì le jù láti kọ́ ọmọ ọdún méjìlá. Èèyàn lè sọ òótọ́ délẹ̀ kó sì ti yan èyí tó fẹ́ kí o rí nínú rẹ̀.

Tí wọ́n bá dé JS 3, mo máa ń gbé wọn lọ sí ọdún 1897. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, ọmọ ogun Royal Niger Company, kọ́ńpìnì òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dé Kàbà wa yìí láti lé àwọn ọmọ ogun Nupe, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti ja Bídà, olú ìlú àwọn Nupe. Lọ́jọ́ 8 oṣù kan náà, ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àpilẹ̀kọ Flora Shaw, akọ̀ròyìn wọn kan, jáde, níbi tó ti dábàá orúkọ Nàìjíríà fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Kọ́ńpìnì náà. Mo ní kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta mẹ́ta: bí akọ̀wé Kọ́ńpìnì, bí ará Bídà, bí ìyá kan ní ilẹ̀ wa tí àwọn Nupe ti kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Ti ìyá yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn kan á ní inú rẹ̀ dùn. Àwọn kan á ní ọ̀gá tuntun kọ́ ni ìyá náà ń wá, ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Agogo á lù, wọn ò ní gbọ́. Olùkọ́ lẹ́sìn oníwèé pélébé wo ló lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀? Kì í ṣe pé mò ń yin ara mi o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ wa, a ò jí ìwé ẹ̀rí wa gbé.

Ẹni tó bá sì rò pé tìtorí máàkì nìkan ni mo ṣe ń pariwo, kó gbọ́ èyí. Obìnrin kan ládùúgbò wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé àwọn dókítà ń fi àṣírí kan pamọ́, pé àgúnmu kan wà tí èèyàn á lò tí kò ní gbé oògùn òyìnbó mì mọ́ láéláé. Ojú ìyá náà ò ríran dáadáa, ọmọ rẹ̀ tó wà ní JS 2 ló ń kà á fún un. Ọmọ náà kà á dé ìsàlẹ̀, ó rí nọ́ńbà fóònù àti iye owó, ó ní: "Màmá, ẹni tó kọ ọ́ ló ń tà á." Bàbá rẹ̀ bú mọ́ ọn láti inú yàrá: "Ìwọ lo gbọ́n ju àgbà lọ, àbí? Kà á, kóo dákẹ́!" Wọ́n ra àgúnmu náà. Ìyá pa oògùn ọsibítù tì. Kó tó di ọdún tuntun, rọpárọsẹ̀ ti gbé e dè, apá òsì ò gbéra títí di òní.

Bàbá yẹn kan náà dá mi dúró lọ́jà lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan wà tó lè rà fún ọmọ rẹ̀ kó lè já fáfá nínú àyọkà. Mo ní ọmọ náà ò nílò ìwé kankan, kí òun sáà máa jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.