Ta ni "wọ́n" tó máa gbà á síṣẹ́?

Àwọn ará ilé mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan kàwé jáde, kò ríṣẹ́, àwọn àgbà ilé sì fẹnu kò pé kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà ládùúgbò. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á dá a dúró, ìyẹn ni pé wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ìdí pẹpẹ kọ́ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹpẹ ti ń jẹ ni? (Èdè wa náà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "wọ́n dá a dúró" yìí kan náà là ń sọ nípa ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́.)

Pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wúlò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọwọ́ èèyàn á mọ́ iṣẹ́, á rí ẹni tó máa jẹ́rìí rẹ̀, á sì tètè gbọ́ bí àyè bá ṣí.

"Wọ́n" yẹn ni mi ò rí. Pirinsípà ni gbogbo ilé ń wò, pirinsípà ò sì lágbára láti gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ìjọba. Ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, TESCOM, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ tíṣà, ló ń gba tíṣà girama. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni. Àwọn náà ò lè dá a ṣe. Ó di kí gómìnà fọwọ́ sí i, kí wọ́n kéde, kí èèyàn kọ̀wé, kó ṣe ìdánwò, kó tún lọ jókòó níwájú àwọn tó máa bi í ní ìbéèrè. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí, wọ́n á béèrè ìforúkọsílẹ̀ TRCN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀. Pirinsípà tó ń yìn ọ́ láàárọ̀ ò sí níbì kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ sílùú mìíràn, èyí tó bá dé á bi ọ́ pé ta lò ń wá. Ká ní àwọn òbí ń dáwó fún ọ lóṣooṣù ńkọ́? Tíṣà PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, lo jẹ́ nìyẹn. Orúkọ rẹ ò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba.

Ọ̀rọ̀ N-Power, ètò tó ń fi àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ìbá ti là wá lójú. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016. Ìsọ̀rí méjì àkọ́kọ́ tó 500,000 èèyàn, ₦30,000 lóṣù, ọdún méjì ni wọ́n ní wọ́n máa lò. "Volunteer", ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ni ìjọba ń pè wọ́n. Nílé, òṣìṣẹ́ ìjọba là ń pè wọ́n. Ní 2020, wọ́n ní kí ìsọ̀rí méjèèjì máa lọ. Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó torí rẹ̀ ríṣẹ́ o.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹni tó ni ín ló ń buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ti ń rí ọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ máa kán an lójú?

Bóyá kí ọmọ náà ṣì lọ, sáà kan tàbí méjì, kó máa kọ̀wé síbòmíràn lọ. Kó ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gba owó fáìlì lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣọ́ra: lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, ẹnì kan á yọjú, á ní òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì, owó fáìlì nìkan ló kù. Páálí pelebe ni fáìlì. Wọ́n ń tà á lẹ́nu géètì.