Ibi Tí Títẹ Òkúta Bàbà Nínú Ẹ̀rọ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta, kó fara balẹ̀ wo ojú òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Yóò rí ilà dúdú àti funfun tó tò tẹ̀lé ara wọn, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Máíkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni dúdú yẹn. Kúọ́tìsì àti fẹ́líspà ni funfun. Ooru àti agbára abẹ́ ilẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. Irú ilà yìí ló bí ìbéèrè kan: ṣé èèyàn náà lè tẹ òkúta títí hóró inú rẹ̀ yóò fi yí ojú padà?

Òkúta mábù ni wọ́n fi kọ́kọ́ dán an wò. Ní Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, Frank Dawson Adams àti ẹnìkejì rẹ̀, Nicolson, gbẹ́ mábù Carrara ti ilẹ̀ Ítálì ní òpó kékeré. Wọ́n ki ọ̀pá irin oníhò tó gbóná bọ̀ ọ́, irin náà tutù, ó sì fún un mọ́ra pinpin. Wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ lórí-nídìí díẹ̀díẹ̀, òmíràn tó oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n gé irin kúrò, mábù náà kò di ìyẹ̀fun. Ó yọ ikùn, ó sì wà ní odidi! Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn hóró rẹ̀ ti fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọdún 1901 tí wọ́n gbé èsì yìí jáde ni èmi kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ náà. Theodore von Kármán tún ṣe irú rẹ̀ ní Göttingen ní 1911.

Ṣùgbọ́n pé hóró fẹ̀ kò sọ ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kọjú sí. Ní 1912, ní Munich, Max von Laue pẹ̀lú Friedrich àti Knipping fi X-ray la kírísítálì kan kọjá, ìtò àwọn átọ́ọ̀mù sì hàn lórí àwòrán. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé kírísítálì bàbà ni wọ́n kọ́kọ́ lò, copper sulphate aláwọ̀ búlúù.

Ó kù kó kan chalcopyrite, òkúta aláwọ̀ ìyeyè tí bàbà, irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ di, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni a ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú bàbà ayé. Tó bá tutù, ṣe ló ń fọ́. Tó bá gbóná, ó ń ṣàn. Ní 1975, Kelly àti Clark ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ títí dé ìgbóná 500°C. Àwọn ìpele átọ́ọ̀mù inú hóró ń yọ̀ lórí ara wọn bí ìwé tí wọ́n tò jọ, bí wọ́n sì ṣe ń yọ̀ ni odidi hóró ń yí, títí ìpele wọ̀nyẹn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ dábùú agbára tó ń tẹ̀ wọ́n.

Ní 1993, àwọn ará Jámánì gbé èsì jáde lórí òkúta bàbà Mount Isa ti Ọsirélíà tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lè rí ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù inú hóró kọjú sí, niutírọ́ọ̀nù, èérún kékeré tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ni wọ́n lò, nítorí X-ray kì í wọ òkúta bàbà jìnnà, ojú ibi tí wọ́n gé nìkan ló ń rí. Niutírọ́ọ̀nù ń la gbogbo rẹ̀ já. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òkúta ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkúta tí wọ́n wa jáde láti inú ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá bàbà ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, tàbí ẹ̀yìn títẹ̀ ló wọlé.