Ẹ Gbé Izal Kúrò Níwájú Ológbò

Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú ẹranko ní agbègbè Rẹ́mọ yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Dókítà, mo mà ń tọ́jú ibẹ̀ dáadáa o. Izal ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Kí ló wá ń pa àwọn ológbò mi?" Ẹni tó béèrè ti fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, kò kàn mọ̀ ni.

Àwọn tó ń kó ológbò tí kò lólówó jọ ti ń pọ̀ sí i, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù. Iṣẹ́ àánú ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Oúnjẹ adìyẹ ti gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa ilé adìyẹ wọn tì, àwọn ilé yẹn náà ni wọ́n ń sọ di ilé ológbò báyìí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ tí wọ́n fi ń sin adìyẹ ni wọ́n fi ń sin ológbò: kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, fi Izal fọ ilẹ̀, bí ọ̀kan bá rẹ̀, da oògùn sómi gbogbo wọn. Ti oúnjẹ àti omi, n kò ní fi gba àkókò yín. Ẹni tí kò mọ̀ pé ológbò ń mu omi, kó lọ sin ẹyẹlé.

Kí n tètè sọ ohun méjì ká lè débi tí mo ń lọ. Ológbò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má dà á mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kó fi dá wà ní yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, òun sì ni kí ẹ máa bójú tó gbẹ̀yìn lóòjọ́. Ọjọ́ tó bá wọlé gan-an ni kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má sọ pé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ mọlé. Àrùn tí à ń pè ní panleukopenia, èyí tí ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ ológbò, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà ní kọ̀rọ̀ ilé fún ọdún kan kó má kú.

Èkejì, ẹ fún olúkúlùkù wọn níbi tí yóò sá pamọ́ sí. Páálí Indomie tó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands fún díẹ̀ lára àwọn ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ààbò ní àpótí tí wọ́n lè wọ̀, wọn kò fún àwọn yòókù. Àwọn tó rí àpótí wọ̀ ni ọkàn wọn kọ́kọ́ balẹ̀. Ìpayà ológbò kì í mọ sí inú lásán. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní fáírọ́ọ̀sì herpes tiwọn, tí kì í ran èèyàn, tó ti sùn sínú ara. Bí ìpayà bá pọ̀, á jí: ojú á máa ṣepin, imú á máa ṣàn, kí ẹ tó mọ̀, gbogbo ilé ti ń sín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nítòsí ìta Ojúde Ọba, ẹ ṣọ́ wọn lẹ́yìn tí ìbọn àwọn eléṣin bá ti dún tán, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Ó tán. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀.

Àwọn kẹ́míkà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wọ ara wa, ẹ̀dọ̀ wa á so wọ́n mọ́ irú ṣúgà kan kí wọ́n lè bá ìtọ̀ jáde. Ajá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ológbò kò lè ṣe é tó. Jíìnì tó yẹ kó darí iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ látìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú gbogbo ẹbí wọn dórí kìnnìún. Ẹran ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí kì í jẹ ewé, kò pọn dandan kí ara rẹ̀ mọ bí a ti ń gba májèlé inú ewé sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀dọ̀ yín á bá yín dà nù ní òwúrọ̀, inú ológbò ló máa wà, tí á máa ṣọṣẹ́.

Fínọ́ọ̀lù wà lára àwọn kẹ́míkà yẹn. Òun náà ló sì wà nínú Izal, òórùn rẹ̀ lẹ ń pè ní òórùn ìmọ́tótó. Ẹ da Izal sómi, omi funfun báláú, ẹ fi nu ilẹ̀. Ológbò rìn kọjá níbi tí kò tíì gbẹ, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìṣe wọn. Ohun tí ẹ fi fọ ilẹ̀ ti dénú rẹ̀ nìyẹn. Ahọ́n á bó, itọ́ á máa dà, kò ní lè jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dettol rí, tí àwọn kan tún fi ń wẹ̀ wọ́n! Izal dára fún ṣáláńgá, kó máa bá ṣáláńgá lọ.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kúrò pátápátá, torí ìdọ̀tí máa ń sọ Jik di aláìlágbára, ìtọ̀ àti Jik sì máa ń fa èéfín tí kò dára fún àyà. Lẹ́yìn náà kí ẹ po Jik ife kan mọ́ omi ogún ife, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi omi ṣan án, kó gbẹ, kí ológbò tó padà wọlé. Jik ń pa fáírọ́ọ̀sì panleukopenia tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má da Jik àti Izal pọ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Paracetamol burú ju Izal lọ. Ológbò wa kì í sábàá ju kílò mẹ́rin lọ. Hóró kan tí ẹ̀ ń rà ní kẹ́míìsì jẹ́ mílígíráàmù 500. Mílígíráàmù mẹ́wàá péré fún kílò kan ti lè dá wàhálà sílẹ̀ lára ológbò. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pààrọ̀ àwọ̀, kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. (Àlùbọ́sà náà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń ha ìkọ́kọrẹ́ alálùbọ́sà fún wọn pé ẹja kúkú wà níbẹ̀, ẹ rora.)

Ìyá kan wà ní ìletò kan lẹ́yìn Ìpẹ́rù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó kó ológbò sínú ilé adìyẹ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Nígbà tí mẹ́ta kú lẹ́ẹ̀kan náà, ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Wòlíì kan dé, ó gbowó àbẹ́là, ó wọ́n lọ́fínńdà, ó ní ọ̀kan tó dúdú láàárín wọn ni àjẹ́ ń gùn, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ń gbé àpò abẹ́rẹ́ kiri, tó máa ń gún adìyẹ àti ewúrẹ́, ní ibà ni, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀ paracetamol. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi.

Ojú ń wú, ẹsẹ̀ ń wú. Mo ṣí ẹnu ọ̀kan: èrìgì tó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo fà sínú abẹ́rẹ́ kò pupa, ṣokoléètì ni. Òórùn Izal kún ibẹ̀ débi tí ojú mi ń ta mí.

"Mọ́mì, èyí tó dúdú ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé, Dókítà. Òun nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Wòlíì sì ti sọ bẹ́ẹ̀: ẹ ò rí i pé òun gan-an ni?"

Inú mi ru. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́! Kò tẹ Izal, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní oògùn, torí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó gbà á là ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Acetylcysteine ni à ń fi tọ́jú májèlé paracetamol, òun náà ni wọ́n ń fún èèyàn ní ọsibítù. Mo rí i gbà lọ́wọ́ apòògùn kan tó mọ̀ mí. Méjì yè. Àwọn yòókù ti kọjá ohun tí oògùn lè ṣe.

Ọdún mẹ́fà ni à ń lò ní yunifásítì ká tó gboyè iṣẹ́ yìí, Veterinary Council of Nigeria sì gbọ́dọ̀ forúkọ wa sílẹ̀ ká tó lè fọwọ́ kan ẹranko ẹlòmíì. Alábẹ́rẹ́ inú ọjà kò kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pè, torí owó rẹ̀ kéré. Ẹ ka iye tí ìyá yẹn ná: àbẹ́là, lọ́fínńdà, abẹ́rẹ́, paracetamol, lẹ́yìn náà èmi. Ká ní èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè ni, n kò bá gba ju owó ọkọ̀ lọ.

Bí ológbò yín bá ti tẹ Izal, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ ẹsẹ̀ àti irun rẹ̀ kíákíá, ẹ má jẹ́ kó lá a. Ẹ má fi ìka mú un bì, torí ohun tó bó o lọ́nà ọ̀fun nígbà tó wọlé á tún bó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé epo ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fún májèlé, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń gbà, ẹ ó wá fi òtútù àyà lé májèlé. Bó bá jẹ́ paracetamol ló jẹ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, torí láàárín wákàtí mẹ́rin ojú rẹ̀ lè ti wú. Ẹ wo aago tó jẹ ẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú káàdì oògùn tó ṣẹ́kù dání, kí n lè ka iye hóró tó ti yọ.