Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́ tí àtìpó ń sá fún: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba Gúúsù Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde lọ́kọ̀ọ̀kan pé àtìpó tí kò ní ìwé ìgbélùú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fà sẹ́yìn, ìyẹn sì rú àwọn tó ka ìròyìn náà lójú. A kó àwọn ìbéèrè tó jẹ yọ jọ síbí, nítorí pé àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà lóòótọ́?

Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí nìdí tí ìjọba fi ń náwó lórí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú?

Ibi tí àwọn àtìpó ń gbé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló fà á. Ní Singapore lọ́dún 2020, inú àwọn ilé tí wọ́n kó òṣìṣẹ́ àtìpó sí, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sùn nínú yàrá kan, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn náà mú ti wá. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí tó ń kórè lóko kò sì lè jókòó sílé kó máa ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn ni wọ́n, ìyẹn nìkan sì tó.

Kí ni wọ́n wá ń bẹ̀rù?

Wọ́n ń bẹ̀rù pé orúkọ àti àdírẹ́sì tí wọ́n bá fún nọ́ọ̀sì yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lé àtìpó kúrò nílùú. A kò gbọ́dọ̀ pe ìbẹ̀rù yìí ní àìmọ̀kan, nítorí pé ohun tó fà á ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, láyè láti gba àdírẹ́sì àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ètò ìlera ìjọba, kí wọ́n tó dá a dúró ní 2018. Ní Jámánì, abala 87 òfin ìgbélùú ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fi ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìwé tó àwọn aláṣẹ létí. Dókítà kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí aláìsàn, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí yóò san owó ìtọ́jú lè jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà jáde. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kan tí wọ́n fi ń wo ẹni tó lè di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2020 tó sì dópin ní oṣù Kẹta ọdún 2021, mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ìrànlọ́wọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbà yóò ba ìwé ìgbélùú wọn jẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí lára ohun tí ìlànà náà kà, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ti bà kì í dúró ka àlàyé òfin. Ìkéde kan ṣoṣo kò lè pa irú ìtàn báyìí rẹ́. Òfin tó ya àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ìwé ìgbélùú ló lè ṣe é, bí àwọn àtìpó bá mọ̀ pé òfin náà wà.

Bí ẹ̀rù bá kúrò, ṣé ọ̀nà ti là nìyẹn?

Rárá. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ nígbà náà ń béèrè nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀, ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ogunléńdé, ẹni tí kò ní ọ̀kankan kò sì rí ọ̀nà wọlé fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ti ní kó máa bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà kò béèrè ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, síbẹ̀ àwọn kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń béèrè rẹ̀.

Àwọn ogunléńdé inú àgọ́ ńkọ́?

Jọ́dánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn ní abẹ́rẹ́, láti oṣù Kìíní ọdún 2021. Ètò COVAX, tí àwọn àjọ àgbáyé fi pín abẹ́rẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè, náà ya abẹ́rẹ́ tó lè tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn tí ìjọba kankan kò kà mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ jáde fẹ́ mọ ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá pa ẹnìkan lára, àwọn àjọ aláàánú kò sì lágbára láti gbé ẹrù yẹn.

Kí ni ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ lè ṣe?

Kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè níbi ìgbabẹ́rẹ́ irú ìwé tí wọ́n ń gbà àti ẹni tí yóò rí àkọsílẹ̀, kí ó sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Kí ó bá àtìpó náà lọ, kí ó wá ògbufọ̀ tó dàgbà, nítorí kò yẹ kí ọmọdé máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àìsàn fún òbí rẹ̀. Bí ó bá ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń ṣètò, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Kí wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ lọ síbi tí àwọn ènìyàn náà fọkàn tán, bí mọ́ṣáláṣí kan ní Birmingham ṣe di ibi ìgbabẹ́rẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2021.

Kí ló yẹ kí àtìpó fúnra rẹ̀ ṣọ́ra fún?

Ẹni tó bá ní kó sanwó kí òun tó bá a rí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́, oníjìbìtì ni. Kò gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹlòmíràn gba abẹ́rẹ́, nítorí inú fáìlì onítọ̀hún ni àkọsílẹ̀ ara tirẹ̀ yóò wà. Bí wọ́n bá lé e padà nítorí ìwé, kí ó béèrè orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì kàn sí àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àtìpó kí ó tó padà lọ.