Bí tíṣà ṣe ń gba ọmọ tuntun sí Píráímárì Kìíní

Oṣù kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Táàmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó le fún tíṣà Píráímárì Kìíní bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé. Ohun tí òbí ń rí lẹ́nu géètì kò ju "ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ" lọ. Ìwé kan wà lórí tábìlì nínú kíláàsì tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà dá lé: rẹ́jísítà.

Kí orúkọ tó wọ inú rẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ ti tó ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìlànà ìjọba wí, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí sì ni òbí ń mú wá lóde òní. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́-ìbí wọn sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán irú wọn wò. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, á fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó wọlé nìyẹn; bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé orí ọmọ kékeré tóbi, apá rẹ̀ sì kúrú. Bó bá ṣe ń dàgbà ni apá ń gùn ju orí lọ. Kò péye o. Ọmọ ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ gùn á wọlé wọ́ọ́rọ́, ọmọ ọdún méje tó kúrú á fi ẹkún padà sílé.

Tíṣà tó mọṣẹ́ kì í fi báírò kọ orúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pẹ́ńsù ló ń lò, torí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn kan á ti lọ sí ilé-ìwé mìíràn, àwọn kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé láti họlidé. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á pe "Adéyẹmí Olúwaṣeun" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kíláàsì á pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀ Olúwaṣeun wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń wo aláǹgbá lójú fèrèsé. Àkàndé ni wọ́n ń pè é nílé. Kò mọ̀ pé òun náà ni orúkọ yẹn ń bá wí. Ìdí nìyí tí "kí lẹ ń pè é nílé?" fi wúlò ju ìdajì ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù lọ. Tíṣà á kọ Àkàndé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà; tó bá pè é lọ́la, ó di "mà!"

Ẹkún ńkọ́? Ìyá tó dúró lójú fèrèsé pé kí òun kàn rí i pé ó ti jókòó, òun gan-an ló ń fa ẹkún gùn, torí ọmọ ń wo ojú rẹ̀, ó rò pé ó ṣì lè gbé òun lọ. Èyí tó yọ́ lọ tún burú jù: lọ́jọ́ kejì, ọmọ á di ìró rẹ̀ mú kankan látẹnu géètì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ìyá dágbére lójú ọmọ, kó sì fi ohun tí ọmọ mọ̀ dá ìgbà fún un. Aago méjì kò yé ọmọ ọdún mẹ́fà. "Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, tí wọ́n tún lu agogo, màá dé" yé e dáadáa. Lẹ́yìn náà, kó máa lọ.

Èdè tí tíṣà bá fi gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ṣe kókó pẹ̀lú. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn. Síbẹ̀ títí dòní, òbí kan á gbọ́ tí tíṣà ń fi Yorùbá rẹ ọmọ lẹ́kún, á fa ojú ro, bíi pé wọ́n jẹ lára owó ilé-ìwé òun.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣàmì sí rẹ́jísítà. Òwúrọ̀ ìlà kan, ọ̀sán ìlà kejì, méjèèjì á dábùú ara wọn. Ẹni tí kò wá gba òdo. Èyí ló ń ya òbí lẹ́nu nígbà tí káàdì èsì bá dé tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-ìwé ṣí nígbà 120. Ọ̀sẹ̀ 12 ni, ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọmọ tó wá láàárọ̀, tí wọ́n wá mú lọ lọ́sàn-án, ẹyọ kan ló ní lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tíṣà á ro ti ọkùnrin sọ́tọ̀, á ro ti obìnrin sọ́tọ̀, á gbé e lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé kó fọwọ́ sí i. Ọmọ tí òdo rẹ̀ bá tò láti ọjọ́ Ajé láìsí ìlà kankan, wọ́n á bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò kan náà bóyá ó rí i.